Ìlérí Tó Ní Ìṣirò: Ọgbọ́n Ìṣàkóso Lọ́wọ́ Àwọn Tí A Dìbò Yàn

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n ìṣàkóso, kí n sọ bóyá ó yẹ kí á máa wá a lára àwọn tí a ń dìbò fún, tàbí kí á máa wo ìwà rere àti ìfẹ́ ìlú nìkan. Èsì mi kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó fẹ́ràn ìlú tí kò mọ ètò í ṣe, orí ahọ́n ni ìfẹ́ rẹ̀ yóò parí sí. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kọ́ ni a fi ń fìdí irú ọ̀rọ̀ báyìí múlẹ̀. N ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ kan yọ nínú ìtàn wa, èyí tí gbogbo wa ń fi yangàn, n ó sì tú u wò títí a ó fi rí ohun tó gbé e ró.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, láti Àgbádárìgì títí dé Asaba létí odò Ọya. Lọ́dún tó ṣáájú, 456,600 ni iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà. Lọ́dún 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí, nítorí a máa ń kà á bí ẹni ń ki oríkì, a kì í kà á bí ẹni ń ka owó. Ọmọ tó lé ní 350,000 ló kún inú kíláàsì láàárín ọdún kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílò ibi tí yóò jókòó sí, síléètì tí yóò kọ̀wé sí, orúkọ nínú rẹ́jísítà, àti olùkọ́ tí yóò pe orúkọ náà láàárọ̀. Bí a bá fi ogójì ọmọ sábẹ́ olùkọ́ kan, ó lé ní 8,800 olùkọ́ tuntun tí wọ́n ní láti wá. Olùkọ́ wọ̀nyí yóò gbowó ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọn yóò tún gbà á ní ìparí oṣù Èrèlé, títí ọdún yóò fi yí po, ọdún mìíràn yóò sì tún dé bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Orin ìpolongo ìbò kò lè san irú owó oṣù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí lónìí, ohun tí a máa ń rántí ni ọkàn rere Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkàn rere náà wà, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rere pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà láyé ìgbà náà, ó sì pọ̀ títí dòní. Ohun tó sọ ọkàn rere di ìjókòó, olùkọ́ àti síléètì ni mo fẹ́ kí á wò. Òun ni mo ń pè ní ọgbọ́n ìṣàkóso: kí ènìyàn mọ iye ohun tó fẹ́ ṣe, kí ó mọ iye tí yóò ná an àti ibi tí owó yóò ti wá, kí ó mọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, kí ó yan ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ, kí ó jẹ́ kí ẹni náà ráyè ṣe é, kí ó sì padà wá béèrè bí ó ti lọ. Kò sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Alásè tó gba iṣẹ́ ìnáwó kì í dáná kó tó béèrè iye àlejò. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ni wọn, yóò ní kí wọ́n pè é ní iye, nítorí ìkòkò kò mọ ọ̀pọ̀, iye ló mọ̀.

Bí wọ́n ti ṣe é nìyí. Àwọn tí a dìbò yàn gba ìjọba ẹkùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952. Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, gbé ìwé ìpinnu rẹ̀ síwájú ilé ìgbìmọ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí bíbójútó ilé ẹ̀kọ́; òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúṣì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìwé rẹ̀ kò sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọdún 1955 ló dá. Ọdún méjì àti ààbọ̀ tó wà láàárín kì í ṣe àsìkò ìsinmi: inú rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fẹ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lójú, nítorí olùkọ́ kì í hù bí olú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ kíláàsì, tí wọ́n sì ti gé ọdún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà, kí owó àti olùkọ́ lè kárí. Wọ́n ti ṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, èyí tó jẹ́ kí ará ìlú máa dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn, wọ́n sì gbé apá kan nínú iṣẹ́ náà lé àwọn ìgbìmọ̀ yìí àti àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn tó ti ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ kíláàsì wà ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ sì ni ìtàn yìí ti ní ẹ̀kọ́ tó ga jù lójú tèmi. Wọ́n ṣírò, wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé kò ní tó. Wọ́n wá sọ fún ará ìlú pé wọn yóò san àfikún owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú àwọn ènìyàn kò dùn. Ìfẹ̀hónúhàn ṣẹlẹ̀ káàkiri, alátakò sì lo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tí ìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ dé lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ alátakò NCNC gba ìjókòó 23 nínú 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, ó fẹ̀yìn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba ẹkùn náà, balẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Owó orí nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ kò tíì ṣí, ìbò ti lọ, ará ìlú ń ráhùn. Olóṣèlú tí kò ní ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ì bá ti dá owó orí padà kó tó dọjọ́ kejì. Àwọn wọ̀nyí kò dá a padà. Ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní ọjọ́ tí wọ́n dá, nígbà tí ìbò ẹkùn sì dé lọ́dún 1956, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gba 48 nínú ìjókòó 80. Ọgbọ́n ìṣàkóso ló jẹ́ kí wọ́n lè dúró, nítorí wọ́n mọ ohun tí owó náà wà fún, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ará ìlú yóò fojú ara wọn rí i.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé iṣẹ́ náà kò lábùkù. Àwọn ọmọ tó wá pọ̀ ju iye tí ìjọba rò lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó sì dúró níwájú wọn ni kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ púpọ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó parí. Àwọn tó parí wá iṣẹ́ tì ní ìlú ńlá, oko kò sì wù wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ẹkùn náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, lábẹ́ àkóso Olóyè Banjọ, láti wá yẹ ètò tí òun dá sílẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ náà sọ òótọ́ tó korò nípa olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ àti ìmọ̀ tó ń rẹlẹ̀. Kí ìjọba pe ènìyàn wá wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì tẹ àbùkù ara rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé kà, ó wà lára ìṣàkóso gan-an, bóyá òun tilẹ̀ ni apá tó ṣọ̀wọ́n jù lónìí.

Ẹnìkan lè sọ pé owó kòkó ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n òótọ́, ó sì yẹ kí á fún un ní èsì gidi. Nígbà tí wọ́n pín owó ìfipamọ́ àwọn àjọ tó ń ra irè oko fún àwọn ẹkùn lọ́dún 1954, èyí tó kan Ìwọ̀-Oòrùn lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ti Ìlà-Oòrùn, tó gbẹ́kẹ̀ lé epo pupa àti èkùrọ́, kéré sí i gidigidi. Ìjọba Ìlà-Oòrùn lábẹ́ Nnamdi Azikiwe náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1957. Ìfẹ́ ọmọ wà lọ́kàn wọn, kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ará Ìlà-Oòrùn kò fẹ́ràn ìwé. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1958 tó lọ jìnnà, ìjọba ti dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà sórí àwọn kíláàsì kan, àwọn obìnrin sì tú sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Àpò wọn kò jinlẹ̀ tó ti Ìwọ̀-Oòrùn, òótọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé mímọ bí àpò ṣe jinlẹ̀ tó kí a tó nawọ́ sí ọjà ni orí ìṣàkóso. Ètò tó kéré tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ì bá sàn fún ọmọ ju ètò ńlá tó já sọ́wọ́ òbí lọ́dún kejì lọ. Ẹ sì rántí pé owó kòkó wà níbẹ̀, síbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tún bu owó orí lé e. Ìyẹn ni pé àwọn tó lówó jù gan-an ló tún ṣírò jù.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1976, owó epo rọ̀bì ń ya wọlé bí omi òjò. Síbẹ̀ ọmọ tó wá pọ̀ ju iye tí wọ́n ń retí lọ, kíláàsì kò tó, olùkọ́ kò tó, a sì ń gbọ́ ìró àìtó náà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ológun ni, kì í ṣe àwọn tí a dìbò yàn, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí a lè rí i pé owó púpọ̀ kò lè rọ́pò ìṣirò.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ wá láti ẹnu àwọn ènìyàn tó ní òye. Wọ́n ní iṣẹ́ olóṣèlú ni kí ó mọ ibi tí ìlú ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn akọ̀wé àgbà àti ògbóǹtarìgì ni yóò mọ bí a ó ṣe débẹ̀. Wọ́n á ní Awólọ́wọ̀ kò kọ́ kíláàsì kan fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bíi Simeon Adébọ̀ ló ń bá a ṣe é. Mo gbà pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní òṣìṣẹ́ tó pegedé, Adébọ̀ sì wà lára àwọn tó dára jù tí Nàìjíríà tíì ní. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé Adébọ̀ dára? Ta ló fi í sí ipò tó yẹ ẹ́, tó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu nígbà tó bá sọ pé nǹkan kan kò ní ṣeé ṣe? Ọ̀gá tí kò mọ ohun tó dára nínú iṣẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ni yóò máa gbà gbọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìṣúná síwájú rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i nítorí ojú ìwé rẹ̀ pọ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá sọ fún un pé títì kan yóò ná ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ, kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé. Lọ́dún 1975, ìjọba ológun lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn yẹ ní lílé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó wọ inú àwọn tó kù kò jáde mọ́. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ti mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bọ́ lórí rédíò, pé ẹni tó bá sọ òótọ́ fún ọ̀gá ń fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Irú òṣìṣẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bá nílẹ̀ kọ́ ni gómìnà òde òní ń bá nílẹ̀. Ẹni tí a bá dìbò fún lónìí ní láti tún iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́ kó tó lè lò ó, èyí sì nílò ọgbọ́n ìṣàkóso ju ti àná lọ.

Àwọn mìíràn á ní kí a fi gbogbo èyí sílẹ̀, pé olè ni ìṣòro wa. N kò ní fi ọ̀rọ̀ olè ṣeré, ó ti ba ayé àìmọye ènìyàn jẹ́. N kò sì ní fi ti àwọn tí mo ń yìn pamọ́. Lọ́dún 1962, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ròyìn pé owó àjọ tó ń ra irè oko gba inú ilé-iṣẹ́ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kọjá sínú àpò ẹgbẹ́, ó sì dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ohun ìjà òṣèlú ni ìwádìí náà, pé ẹni tó fẹ́ ṣe ìdájọ́ ló yan adájọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà gbọ́, ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ọgbọ́n ìṣàkóso kò lè rọ́pò ìwà títọ́; ẹni tó mọ ètò í ṣe lè ṣe ètò tí kò tọ́. Èkejì, tí a kì í sábà sọ, ni pé ìwé ni ìgbìmọ̀ náà kà. Àkọsílẹ̀ wà, owó tó jáde ní déètì, ó ní orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Níbi tí ìṣàkóso bá ti kú, olè kò ní ojú ẹsẹ̀ tí a lè tọ̀. Ẹ wo ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011: iṣẹ́ àkànṣe ìjọba àpapọ̀ 11,886 ni wọ́n rí tí a pa tì, wọ́n sì ní àtiparí wọn yóò ná tó tírílíọ̀nù 7.78 náírà. Olè wà nínú rẹ̀, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ láìmọ ibi tí owó ọdún kejì yóò ti wá, gómìnà tàbí mínísítà tuntun tó kẹ̀yìn sí ti ẹni àná, àti afárá tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ọjọ́ tí yóò parí. Àìmọ̀ọ́ṣe náà ni ihò tí olè ń gbà wọlé.

Ẹ̀rí kan tún wà tí kì í ṣe ti olè rárá, tó sì ń dùn mí ju ti olè lọ. Láti ọdún 2004 ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti ní kí ìjọba àpapọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ UBEC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà. Ìpínlẹ̀ yóò gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀, yóò mú ètò tó fẹ́ ṣe wá, yóò sì fi hàn bó ṣe ná èyí tó gbà tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni bílíọ̀nù náírà ń dùbúlẹ̀ nítorí pé ìpínlẹ̀ kan kò gbé tirẹ̀ kalẹ̀, òmíràn kò mú ètò wá, òmíràn kò lè ṣàlàyé ti àná. Ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, owó ìjókòó rẹ̀ sì wà ní báǹkì. Kò sí ẹni tó jí i. Kò kàn sí ẹni tó mọ bí a ti ń lọ gbà á, tàbí ẹni tó kà á sí ohun tó yẹ kí ó fi sínú ìṣúná ọdún rẹ̀.

Mo mọ ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín: pé bí a bá ń béèrè ọgbọ́n ìṣàkóso, àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ni yóò gba ìjọba, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ìwé òfin Nàìjíríà ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà ti pé ọmọ ọdún 35, kí ó sì ti kàwé dé ìwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ girama, pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn. N kò fẹ́ kí a fi ìwé ẹ̀rí kan kún un. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ni mo ń wá. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ohun tó mọ̀ nínú òwò ọkọ̀ àti òwò irè oko, níbi tí òwò náà ti wó lé e lórí tó sì jẹ gbèsè, àti nínú iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, kó tó lọ kọ́ òfin. Àwọn Ìyálọ́jà wa ń ṣàkóso ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Olórí àjọ tó ń kó èésú fún ogún ọdún tí owó ẹnikẹ́ni kò sọnù mọ ohun tí ọ̀pọ̀ kọmíṣọ́nnà kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò bí ènìyàn ti ṣe ohun tó ti wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ṣe é kò já mọ́ nǹkan.

Ó sì yẹ kí n wí èyí fún àwọn tó fẹ́ kí a kúkú gbé ìjọba fún àwọn amọ̀ṣẹ́ láìdìbò. Ìtàn Abẹ́òkúta ti dá wọn lóhùn. Lọ́dún 1865, George William Johnson, ẹni tó kàwé tó sì gbọ́n, dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀ láti máa ṣètò ìlú Ẹ̀gbá: wọ́n gba owó bodè, wọ́n gbìyànjú ètò ìfìwéránṣẹ́ àti ìmọ́tótó. Ìmọ̀ wà lórí wọn. Ohun tí wọn kò ní ni àtìlẹ́yìn tó kárí láàárín àwọn ìjòyè àti ará ìlú, ètò náà sì rọ kí ọdún mẹ́wàá tó pé dáadáa. Ìmọ̀ láìsí àṣẹ ará ìlú kò lè rìn jìnnà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mi fi dá lórí àwọn tí a dìbò yàn: ọwọ́ wọn nìkan ni àṣẹ àti ìmọ̀ ti lè pàdé.

Àṣẹ àti ìmọ̀ pàdé lọ́wọ́ Lateef Jákàńdè. Lọ́dún 1979 tó di gómìnà Èkó, àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìpele ìpele, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí kíláàsì kò tó. Ó ní òun yóò fi òpin sí i. Kò dúró de ilé ńlá. Kíláàsì olówó kékeré ló kọ́ káàkiri, wọ́n sì fi ṣẹlẹ́yà pé ilé adìẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ṣírò. Ó mọ iye ọmọ, ó mọ iye owó, ó mọ iye ọdún tó ní. Pẹ̀lú irú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé alárànbarà díẹ̀ ì bá fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ti ń ṣe, ó ti ṣe olórí Tribune, níbi tí ìwé gbọ́dọ̀ jáde láràárọ̀, yálà owó wà tàbí kò sí. Àwọn tó fi í ṣẹlẹ́yà kò ní ètò mìíràn láti fi rọ́pò tirẹ̀. Ètò ọkọ̀ ojú irin Èkó tó tún bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ológun wọ́gi lé lẹ́yìn tí wọ́n gbàjọba, owó gọbọi sì ṣòfò. Èkó sì dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Àwọn méjèèjì tún pàdé ní Èkó lọ́dún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ pápákọ̀ òfurufú. Dókítà Stella Adádevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a dúró nílé ìwòsàn, dókítà náà sì fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ fún un. Akin obìnrin ni, ìlú yìí jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn akin rẹ̀, ètò ló kù. Ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, ti Èkó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò, ìbò ọdún 2015 sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùdó àkóso kan ṣoṣo, wọ́n mú àwọn tó ti ń gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wá, nítorí àwọn yẹn ti mọ bí a ti ń wá ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n tọpa nǹkan bí 890 ènìyàn tó bá àwọn aláìsàn pàdé, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò nígbà tó tó 18,500. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà, oṣù mẹ́ta géérégé, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kì í ṣe dókítà, agbẹjọ́rò ni. Ohun tó ṣe, tí àwọn ti Àbújá náà ṣe, ni pé wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe é, wọ́n wá owó fún un, wọn kò sì sọ òkú di ohun ìpolongo.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá dé ẹnu ọ̀nà ilé wa báyìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Bí wọ́n bá ń tẹ̀lé e tọkàntọkàn, alága kan ní ìlú kékeré yóò ní owó tí baba rẹ̀ kò fojú rí rí. Ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, gọ́tà, apá kan nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí olùdíje bá tún dé àdúgbò yín, tó ń sọ ohun tí òun yóò ṣe, ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ jẹ́ kó rò ó tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó béèrè iye ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, iye olùkọ́ tó wà nínú wọn, iye tó wọlé lóṣù tó kọjá, iye tó lọ sí owó oṣù, àti èyí tó kù. Kó béèrè èwo nínú ìlérí mẹ́wàá náà ni yóò fi sílẹ̀ bí owó kò bá tó. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò wa, tí wọ́n ń fi wákàtí gbáko ki olóṣèlú, ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti ka ìdáhùn olùdíje kọ̀ọ̀kan síta lédè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dáhùn àti ọjọ́ tó dáhùn, kí wọ́n sì tọ́jú ohùn náà sílẹ̀ di ọdún kẹta, nígbà tí a ó tún gbé e sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ìlú gbọ́.